Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí tó lọ dáadáa fún mi

Àbẹ̀kẹ́ Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, àkọ́bí mi nìyí, Akóbọ̀ là ń gbé, ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti gba káàdì. Látìgbà tí ikùn mi ti hàn síta báyìí, kò sẹ́ni tó rí mi tí ò ní ìtàn burúkú kan lẹ́nu. Èyí á ní òun rọbí títí agbára òun fi tán, èyí á ní nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ òun lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí á ní látìgbà tóun ti bímọ lòun ò ti mọ ohun tó ń jẹ́ oorun mọ́. Kódà ìyá tí mo fẹ́ ra tàtàṣé lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà, wọ́n kọ́kọ́ wo ìbàdí mi, wọ́n mi orí, wọ́n wá ní wàá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ o. Àdúrà ni, mo ṣe àmín, àmọ́ bí wọ́n ṣe wò mí yẹn ni mo gbé délé.

Mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe eré, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni tàn mí. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbọ́dọ̀ wà tí tiwọn lọ dáadáa, tí wọ́n bí wọ́ọ́rọ́wọ́ tí wọ́n sì gbádùn ọmọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Tẹ́ ẹ gbọ́mọ délé tán ńkọ́? Ọkọ mi náà ń retí èsì yín o, ẹ̀rù ń bà á jù mí lọ, kò kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni.

Ìyá Ìkókó Mòníyà

Àbúrò mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mo máa ń kà á kọjá ni níbí, mi ò kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ tìẹ yìí mi ò lè fò ó, torí ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí gan ló ṣe èmi náà, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ pé ó dáa fún mi. Ó dáa fún mi gan. Ọmọ mi ń lọ sí oṣù márùn-ún báyìí, obìnrin ni, tó bá gbóhùn bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà á máa ju ẹsẹ̀ á máa ju ọwọ́.

Kíláàsì aboyún ló kọ́kọ́ gbà mí. Má pa á jẹ o, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn kan rò pé ká kàn lọ wọn ìfúnpá, ká tọ̀ sínú ike, ká gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ká máa lọ ilé ni. Tiwa, a ó kọrin, a ó jó, àwọn tí ikùn wọn ti sọ̀ pátápátá ló tiẹ̀ máa ń jó jù, lẹ́yìn náà ni mátírónì kan á wá dìde. Mátírónì yìí ní ọmọláńgidi kan tí wọ́n fi aṣọ rán àti egungun ìbàdí tí wọ́n fi ike ṣe. Wọ́n á fi orí ọmọláńgidi yẹn sí ẹnu egungun náà, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi gba ìsàlẹ̀ yọ, wọ́n á ní "ẹ wò ó dáadáa, ọmọ ò kàn ń já bọ́, ó ń yíra ni, gbogbo ìgbà tí ilé ọmọ bá sún kì, tí ìdí ń ro yín yẹn, ọmọ ló ń tì síwájú". Ọjọ́ tí mo fojú ara mi rí i ni ẹ̀rù ọ̀hún ti lọ sílẹ̀ lára mi. Mo wá mọ̀ pé ìrora yẹn níbi tó ń lọ, kì í ṣe ìyà tí wọ́n kàn dá sára èèyàn.

Nígbà tó wá dọjọ́ náà, òru ló bẹ̀rẹ̀. Á mú mi, á fi mí sílẹ̀, á tún mú mi. Ọkọ mi ti gbé báàgì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní kó jókòó ná, torí wọ́n ti kọ́ wa pé tí omi ò bá tíì dà tí èèyàn ò sì rí ẹ̀jẹ̀, kó ní sùúrù dìgbà tó bá ń mú un bíi ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wẹ̀, mo mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo ń rìn ká pálọ̀, òun ń wo fóònù ó ń kọ àkókò sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n àmọ́ ó ń kọ ọ́. Ìdájí la kúrò ní Mòníyà, kò sí gosiló kankan ní Ojóò, a gba iwájú UI, a já sí Sáńgò, a gun Mọ́kọ́lá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi dé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án á mọ̀ pé àánú Ọlọ́run nìyẹn.

Ohun tó wá mú un dáa, àbúrò mi, tó o bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ má gbàgbé èyí: wọ́n gbà kẹ́nì kan dúró tì mí. Wọ́n ní obìnrin ni kó jẹ́, torí àwọn ìyá míì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín, ọkọ mi gbà bẹ́ẹ̀ ó dúró síta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju pé wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi, lórí egungun ìdí gan-an, gbogbo ìgbà tó bá ti mú mi wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọn ò ní gbé ọwọ́ kúrò títí á fi fi mí sílẹ̀, wọ́n á wá fún mi ní tíì tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á ní "ọ̀kan ti dín kù o, a ti ṣe ọ̀kan kúrò níbẹ̀". Agbẹ̀bí tó gbà mí náà, ọmọdébìnrin ni, ó kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, ó bi mí pé kí lòun á máa pè mí. Kó tó yẹ̀ mí wò á ní "mo fẹ́ yẹ̀ yín wò o, tó bá ń dùn yín ẹ sọ, màá dúró". Ẹnu ilé ọmọ mi ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nígbà tá a dé, ó ní mẹ́wàá là ń wá, ó ní kí n má sùn sílẹ̀, kí n máa rìn. Nígbà tó wá le gan, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mo di irin ẹ̀ mú, mo ń ké, mi ò ní parọ́ fún ẹ, mo ké dáadáa. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n máa ké, àmọ́ tóun bá ti ní púùṣì kí n pa ẹnu dé kí n fi agbára yẹn ránṣẹ́ sísàlẹ̀.

Bí orí ṣe yọ, ó ní kí n má púùṣì mọ́, kí n kàn máa mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ igbe. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan, àyà mi ni wọ́n gbé e lé, bó ṣe tutù yọ̀ọ̀ tó ṣì ní nǹkan funfun lára, wọ́n fi aṣọ bo àwa méjèèjì. Ìwọ́ ẹ̀ ṣì ń lù kìkì, wọn ò tíì gé e, wọ́n ní kí ẹ̀jẹ̀ tó kù níbẹ̀ wọ ara ẹ̀ tán ná. Ó la ojú, ó ń wò mí, kò ké mọ́. Ìgbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wá ọmú kiri, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ o! Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́n ń dúpẹ́, agbẹ̀bí ń kí mi kú ewu ọmọ, èmi ń sunkún mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe níbẹ̀. Mo ya díẹ̀, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kó má dùn mí, wọ́n rán an, mi ò tiẹ̀ kà á sí torí ọmọ wà láyà mi.

Tilé wá ńkọ́. Ìyá mi wá láti Ìsẹ́yìn wá bá wa wẹ ọmọ. Mo fẹ́ kó o rí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ lé orí ojúgun, kànrìnkàn tó ti rọ̀ dáadáa àti ọṣẹ dúdú, omi tí wọ́n ti fi ìgbọ̀nwọ́ wò, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́ wọ́n á máa ki oríkì ẹ̀. Ọmọ tó ń ké tẹ́lẹ̀ á dákẹ́ á máa gbọ́. Tí wọ́n bá fi òrí pa á lára tán á sùn fọnfọn. Oorun tèmi? Òótọ́ ni pé kì í tó, láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta ló ń jí mu ọmú, àmọ́ lẹ́yìn ọmú ìdájí ìyá mi á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n lọ sùn, mo sì ń sùn. Lóru tí iná bá lọ, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì kékeré tí mò ń fún un lọ́mú, tó di ìka mi mú tí ò fẹ́ fi í sílẹ̀, mi ò rántí pé oorun ń kùn mí. Mo gbádùn ẹ̀, àbúrò mi. Mo ṣì ń gbádùn ẹ̀.

Bàbá Àjàyí Apẹ̀tẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Torí ọkọ yín ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á fún un.

Ẹ̀rù ba èmi náà. Iṣẹ́ ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìrọbí o. Èmi lọ fi ẹ̀jẹ̀ páìntì kan sílẹ̀ ní ọsibítù wa nígbà tí ìyàwó mi forúkọ sílẹ̀, inú mi dùn pé mo ṣe é, wọn ò padà lò ó fún wa àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà. Ó tún gba kéèyàn ti bá onímọ́tò àdúgbò sọ ọ́ sílẹ̀, kó mọ̀ pé a lè kan ilẹ̀kùn òun lóru.

Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ìta ni mo wà, mò ń rìn, mò ń jókòó, àwọn bàbá míì wà níbẹ̀ tá ò mọra rí, à ń bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde tó pe orúkọ ìyàwó mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti dìde. Ó ní ọkùnrin ni, ó dojú bolẹ̀ wáyé, ni gbogbo àwọn bàbá ìta yẹn bá hó yèè, wọ́n ní Àjàyí ló dé! Orúkọ ti tọ̀run wá ká tó dé ọjọ́ kẹjọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ibi ọmọ fún mi nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n dì ní ìdì méjì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ nípa ìyẹn sílẹ̀ kó má bá a lójijì. Bàbá mi ló bá mi gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ní Apẹ̀tẹ̀, àwọn fúnra wọn ló di ọkọ́ mú, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jìn kí ajá má baà hú u. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn fọwọ́ bà mí léjìká pé "o ti di bàbá". Mi ò lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe fún mi.

Ọmọ wa dé ṣáájú àkókò ẹ̀ díẹ̀, kò tó kílò méjì àbọ̀. Wọ́n kọ́ wa ká máa gbé e sáyà láìwọ aṣọ, fìlà lórí, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, nápì nìdí, àyà ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àyà wa, a ó wá fi ọ̀já dì í mọ́ra. Ìyàwó mi ló ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n tó bá ti rẹ̀ ẹ́ èmi náà á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń gbóná dáadáa níbẹ̀, a sì máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Wákàtí gígùn la máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ lórí àga pálọ̀, mi ò ní dìde, kò sí ibi tí mo tún fẹ́ wà. Ó yára sanra. Báyìí tó bá ń ké lóru tó ti yó, èmi ni wọ́n ń gbé e fún, tí mo bá gbé e sáyà ibẹ̀ ló ń dákẹ́ sí. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kó gbọ́mọ, kó nawọ́ gbà á.

Agbẹ̀bí Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin òbí. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó wù mí ká máa gbọ́ irú ìròyìn báyìí ju àwọn tó ń dẹ́rù ba aboyún lọ.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró tini tí Ìyá Ìkókó sọ yẹn, kì í ṣe ìtùnú lásán. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí gan-an, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tí èsì ẹ̀ jáde ní 2009. Wọ́n pín àwọn aboyún sọ́nà méjì, àwọn kan lẹ́ni tiwọn tó dúró tì wọ́n nígbà ìrọbí, àwọn kan ò ní, ìtọ́jú ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n rí gbà. Àwọn tí ò lẹ́nì kankan yẹn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbé ọmọ wọn jáde fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju tàwọn yòókù, ìrọbí tiwọn pẹ́ jù, ìrora tiwọn náà pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ pé kí gbogbo aboyún lẹ́nì kan tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Níbi táwọn ìyá pọ̀ sí nínú yàrá kan ni wọ́n kì í fi gba ọkùnrin, torí ìhòòhò ẹlòmíì, àmọ́ ẹ bèèrè, ẹ má dúró dọjọ́ ìrọbí kẹ́ ẹ tó bèèrè.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "ó rọbí pẹ́" dẹ́rù bà yín. Àkọ́bí máa ń pẹ́ ju ọmọ kejì lọ. Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣí dé márùn-ún, ó lè gbà tó wákàtí méjìlá kó tó pé mẹ́wàá, kó má sì sí wàhálà kankan níbẹ̀, bí ọkàn ọmọ bá ń lù dáadáa tí ìyá náà sì ń ṣe dáadáa. Bọ́mọ bá ti bọ́ sílẹ̀ a ó gún yín lábẹ́rẹ́ nítan, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù, ìyẹn ló ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya.

Èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí ẹ̀ jù ni káńfọ̀, àwọn roboto funfun tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí aáyán má jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ra aṣọ ọmọ pamọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí i, aṣọ àgbà tó bá sì ti wà nínú káńfọ̀ ẹ má fi pọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, àwọn ọkùnrin pàápàá, ni ara wọn ò ní nǹkan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní G6PD, tó, bí káńfọ̀ bá ti wọ imú wọn ẹ̀jẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ojú wọn á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ara wọn á pọ́n, tó bá sì le jù ó lè ba ọpọlọ jẹ́ fún gbogbo ayé ọmọ náà. Mo ti rí i, kò dáa ní rírí, kò sì gba ìnáwó kankan láti dènà ẹ̀, àpótí tó mọ́ lásán ti tó. Tójú ọmọ bá pọ́n, kì í ṣe oòrùn àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, kì í ṣe omi glukóòsì, ọsibítù ni, pàápàá tó bá jẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́.

Ọmú tó kọ́kọ́ jáde, tó nípọn tó pọ́n díẹ̀, ẹ má fún un dànù, ẹ jẹ́ kó mu ún láàárín wákàtí kan tẹ́ ẹ bá bí i. Ọmọ á kọ́kọ́ fọn díẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má torí ẹ̀ wá fídà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á ti padà síbi tó wà. Kí ẹ sì ríi pé ó gba abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti hẹpatáítì B tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀, àti ẹ̀kán póòlíò kẹ́ ẹ tó kúrò tàbí ní kété lẹ́yìn ẹ̀, ojú BCG yẹn lápá òsì á kọ́kọ́ wú á jinná fúnra ẹ̀, ẹ má tẹ nǹkan kan sí i.

Ìyá Àgbà Ọjẹ́

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ilé ni mo bí àwọn tèmi sí, lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ayé ìgbà náà nìyẹn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí tiẹ̀ tó ní òun ò ní fún un lómi títí oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kọ́kọ́ wọ̀ mí létí, ooru Ìbàdàn yìí, kí ọmọ má mumi! Ó ní omi wà nínú ọmú ìyá, kí n máa wò ó. Mo ń wò ó. Ọmọ ọ̀hún ò yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sanra, ẹsẹ̀ ẹ̀ ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ni mo wá ń bá a lé àwọn tó ń gbé àgbo bọ̀ padà sẹ́yìn. Mo ní ẹ jẹ́ ká fún ìyá ọmọ mu, kì í ṣe ọmọ.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ dá wà, ebi ò sì gbọdọ̀ pa á. Ẹni bá ń bọ̀ wá kí ẹ, kó gbé oúnjẹ dání. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú lọ́sàn-án, kí ẹja pọ̀ níbẹ̀, wàrà á máa dà. Ẹni tí ò bá gbé nǹkan dání, kó bá ẹ fọ aṣọ ọmọ. Ẹni tó bá kàn wá láti jókòó kó máa ka ẹni tó kú lórí ìkúnlẹ̀, ní kó máa lọ ilé ẹ̀, sọ pé èmi ni mo wí.

Àkànkẹ́ Sángo

Ẹ ṣeun ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká fàwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sílẹ̀ o, torí tèmi náà lọ dáadáa. Ọmọ mi jókòó sínú ni, títí wọ́n fi dá ọjọ́ fún wa kò yí orí sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún èmi àti ọkọ mi, a buwọ́ lùwé. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi, láti àyà lọ sísàlẹ̀ mi ò mọ ìrora, mo kàn mọ̀ pé wọ́n ń fà mí ni, ojú mi là, dókítà tó gún mi ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹn dúró lọ́wọ́ orí mi ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjà Gbági. Mo gbọ́ igbe ọmọ mi bó ṣe jáde gan-an, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lé tèmi. Ọjọ́ kejì wọ́n ti ní kí n dìde rìn. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí, àmọ́ oògùn wà, ọkọ mi sì ń gbọ́mọ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì láti mu ọmú. Ẹnì kan sọ lójú mi pé mi ò tíì bímọ. Mo gbé ọmọ mi sókè kó rí i.

Àbẹ̀kẹ́ Akóbọ̀

Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á, ayọ̀ ni o. Mo ti ka ti Bàbá Àjàyí fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ bá onímọ́tò ìsàlẹ̀ àdúgbò wa sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní. Aṣọ ọmọ tí mo ti rà, mo ti tú gbogbo ẹ̀ síta mo ti fọ̀ ọ́, káńfọ̀ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, mo ti kó o sọnù. Ẹ̀yin Agbẹ̀bí, ẹ ṣé gan. Ìbéèrè kan ló kù: tí wọ́n bá gbà kẹ́nì kan wọlé, ṣé ẹni tó ti bímọ rí nìkan ló lè jẹ́? Àbúrò ìyá mi tó sún mọ́ mi jù, wọn ò tíì bí.

Agbẹ̀bí Òkè-Àdó

Rárá o. Ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni, bó bímọ bí ò bí. Kó ṣá má jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù, kó jẹun kó tó wá, kó wọ bàtà tó rọlẹ̀ torí á dúró pẹ́. Ẹ mú wọn dání lọ kíláàsì tó ń bọ̀ káwọn nọ́ọ̀sì mọ ojú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ títẹ̀ ẹ̀yìn yẹn hàn wọ́n, kì í ṣe nǹkan tó ṣòro.

Àbẹ̀kẹ́ Akóbọ̀

Ó ti yé mi mà. Wẹ́sídeè ni kíláàsì wa, mo ti pè wọ́n báyìí, wọ́n ní àwọn á ti dé Akóbọ̀ láti alẹ́ Túsìdeè.